Ìkólòlò, àti Ẹ̀kọ́ Ẹni tí Yóò Tọ́jú Rẹ̀

Ní sáà tí ó kọjá, nígbà tí a rán wa jáde láti lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, ilé-ẹ̀kọ́ kan tí kò jìnnà sí Warehouse Road ní Àpápá ni ó bọ́ sí ọwọ́ àwa mẹ́ta. Ẹni tí ó bá mọ àdúgbò náà mọ̀ pé kì í ṣe ibi ìdákẹ́rọ́rọ́. Láti 1926, tí a ti kọ́kọ́ parí ibi ìgúnlẹ̀ ọkọ̀ òkun ní Àpápá, ni ẹrù ti ń gba ọ̀nà wọ̀nyí wọ ìlú. Tírélà a máa tò tẹ̀lé ara wọn, fèrè wọn a máa ké láti òwúrọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ọkọ̀ kò ní yé pariwo. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a kọ́ ni ó ń fi ẹsẹ̀ rìn wá láti Ajégúnlẹ̀, níbi tí Yorùbá, Ìlàjẹ, Ìjọ, Urhobo, Ìgbò àti Haúsá ti ń gbé nínú ọgbà kan náà. Ọmọ tí kò bá lè sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kíákíá níbẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò gbà á sọ mọ́ ọn lẹ́nu.

Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì kìíní, ọmọ ọdún márùn-ún. Nígbà tí a bá pe orúkọ, àwọn yòókù a dáhùn pé, "Mo wà níbí, sà." Ti ọmọ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ètè rẹ̀ yóò pàdé, ọrùn rẹ̀ yóò le, "m" náà kò sì ní fẹ́ tú sílẹ̀; àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì bú sí ẹ̀rín. Ní ọjọ́ kìíní a wí fún un pé, "Fara balẹ̀." Ní ọjọ́ kejì a ní kí ó mí kanlẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹta a ní kí ó tún un sọ dáadáa, a sì dúró tì í títí ó fi sọ ọ́, ojú rẹ̀ kún fún omi. Inú rere ni a fi ṣe gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ náà kò tètè dé mọ́. A kọ́kọ́ rò pé ọ̀nà ni ó dí, àfi ìgbà tí ọ̀kan nínú wa rí i tí ó dúró sí ẹ̀yìn ògiri, tí ó ń retí kí a pe orúkọ tán kí ó tó wọlé.

Ohun tí a rí yìí dùn wá púpọ̀. Àwa tí ó yẹ kí a fa ọmọ wọ kíláàsì ni a lé e dé ẹ̀yìn ògiri. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń wádìí, kì í ṣe ohun tí ìkólòlò jẹ́ nìkan, bí kò ṣe ohun tí ẹni tí ó bá fẹ́ ràn akólòlò lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ kọ́ kí ó tó la ẹnu rẹ̀. Èyí tí a rí ni a kọ síhìn-ín fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, nítorí kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí yóò fi ọdún púpọ̀ ṣe iṣẹ́ olùkọ́ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní jókòó síwájú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú àwọn èrò tí kò tọ̀nà kúrò lọ́nà. Ìkólòlò kì í ṣe àìgbọ́n, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ìpayà ni ó dá a sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpayà lè mú un le sí i. Láàárín ọdún kejì sí ìkẹrin ọjọ́ orí ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọmọ ń kó ọ̀rọ̀ jọ pọ̀ di gbólóhùn. Nígbà mìíràn ọmọ yóò máa tún apá kan ọ̀rọ̀ pè. Nígbà mìíràn yóò fa ohùn kan gùn. Nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ yóò há pátápátá, ẹnu yóò là, ohùn kò sì ní jáde. Bí mẹ́ta nínú ọmọ mẹ́rin ni ó ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n ti ń dàgbà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ sọ ọ̀kan pé, "Èyí ni yóò bọ́." Nínú àwọn àgbàlagbà, nǹkan bí ẹnìkan nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ń kólòlò, àwọn ọkùnrin sì pọ̀ ju obìnrin lọ níbẹ̀, tó mẹ́rin sí ọ̀kan.

Àwọn baba wa mọ̀ tipẹ́ pé ó máa ń tẹ̀lé ìdílé, àwọn onímọ̀ ayé òde òní sì ti wá ìdí rẹ̀ lọ sínú ohun tí a ń jogún, èyí tí wọ́n ń pè ní jíìnì. Ní 2010 wọ́n rí díẹ̀ nínú rẹ̀ láti ara àwọn ìdílé kan ní Pakísítánì. Ní 2015 wọ́n rí òmíràn, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ AP4E1, láti ara ìdílé ńlá kan ní Kamẹrúùnù, aládùúgbò wa, níbi tí àwọn akólòlò ti pọ̀ láti ìran dé ìran. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń gbá ọmọ lẹ́nu kí ó lè jáwọ́ nínú ìkólòlò, ohun tí ọmọ jogún ni ó ń gbá.

Ìtàn kan wà tí a fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ mọ̀. Ní 1939, ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, ọ̀mọ̀wé kan wà ní Yunifásítì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Wendell Johnson, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ akólòlò. Ó gbàgbọ́ pé kì í ṣe ẹnu ọmọ ni ìkólòlò ti ń bẹ̀rẹ̀ bí kò ṣe etí òbí, nígbà tí òbí bá gbọ́ àṣìpè kékeré tí ó sì sọ ọ́ ní orúkọ búburú. Láti dán èrò yìí wò, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan, Mary Tudor, lọ sí ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí ní ìlú Davenport, ó sì yan ọmọ 22. Nínú wọn ni àwọn kan wà tí ọ̀rọ̀ wọn kò ní àbùkù kankan. Àwọn wọ̀nyí ni a wí fún pé wọ́n ti ń di akólòlò, pé kí wọ́n má ṣe sọ̀rọ̀ bí wọn kò bá lè sọ ọ́ dáadáa. A sì kọ́ àwọn tí ń tọ́jú wọn níbẹ̀ láti máa dá wọn dúró bí wọ́n bá ṣì í sọ.

Títí di òní ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn bóyá a rí ẹnìkan nínú àwọn ọmọ náà tí ó di akólòlò tòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sí iyàn nípa èyí: púpọ̀ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí i sá fún ọ̀rọ̀. Wọ́n ń fi ọwọ́ bo ẹnu, ìdáhùn wọn kúrú, iṣẹ́ wọn ní kíláàsì sì rẹ̀yìn. Ìwé tí a kọ nípa rẹ̀ wà ní ibi ìkówèésí láìsí ariwo títí ìwé ìròyìn kan fi tú u síta ní 2001. Yunifásítì náà tọrọ àforíjì, ìjọba Iowa sì san 925,000 dọ́là ní 2007 fún díẹ̀ nínú àwọn ọmọ ìgbà náà tàbí ìdílé wọn. Nígbà tí a ka ibi tí a ti kọ ọ́ pé ọmọ fi ọwọ́ bo ẹnu, ojú ti àwa mẹ́ta láti wo ara wa.

Èrò Johnson yìí kan náà tàn káàkiri ayé fún ìgbà pípẹ́. A ń sọ fún àwọn ìyá pé, "Má ṣe dárúkọ rẹ̀ létí ọmọ, ṣe bí ẹni tí kò gbọ́." Ìmọ̀ràn náà kò ṣe ìpalára bí ti Davenport, ṣùgbọ́n kò wo ẹnikẹ́ni sàn.

Ní àwọn ọdún 1980 ni ìyípadà dé láti Ọsirélíà. Mark Onslow àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Sydney àti ní ilé ìtọ́jú akólòlò tí ó wà ní Bankstown ṣe ìlànà kan fún àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún mẹ́fà. Orúkọ àdúgbò kan ní ìlú Sydney ni wọ́n fi sọ ọ́: Lidcombe. Ohun tí ó yani lẹ́nu nínú rẹ̀ ni pé kì í ṣe olùtọ́jú ni ó ń tọ́jú ọmọ, òbí ni. Olùtọ́jú ń kọ́ òbí, òbí ń ṣe é nílé. Lójoojúmọ́ òbí yóò bá ọmọ jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, yóò bá a ṣeré tàbí kí wọ́n jọ wo àwòrán inú ìwé. Bí ọ̀rọ̀ ọmọ bá jáde láìdí, òbí yóò sọ ọ́ pẹ̀lú ayọ̀: "Ìyẹn dán gan-an!" Nígbà kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí ó bá kólòlò, òbí yóò rọra wí pé, "Ìyẹn kọsẹ̀ díẹ̀," tàbí kí ó béèrè bóyá ọmọ lè tún un sọ kí ó dán. Ìyìn gbọ́dọ̀ pọ̀ ju ìyẹn lọ jìnnà. Ọmọ gbọ́dọ̀ máa gbádùn rẹ̀; bí kò bá gbádùn rẹ̀, a ti ṣì í ṣe.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wa wà. Ní Davenport, a sọ fún ọmọ pé ó ń kólòlò, ọmọ sì pa ẹnu dé. Ní Bankstown, a sọ fún ọmọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọsẹ̀, ọmọ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì sórí pátákó, wọn yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ara wọn. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Ó wà nínú iye ìgbà, nínú ohùn, nínú ìyìn tí ó ṣáájú rẹ̀, nínú ojú tí a fi wo ọmọ, àti nínú mímọ ìgbà tí ó yẹ kí a dákẹ́. Kò sí ìwé tí a lè kà tí yóò fi nǹkan wọ̀nyí sí ọwọ́ wa. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ ṣe é lójú wa, kí àwa náà sì ṣe é lójú rẹ̀.

Pé ìlànà náà ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rí rẹ̀ wà. Ní 2005 ni a tẹ ìwádìí kan jáde láti New Zealand, níbi tí a ti fi ìbò pín ọmọ 54 sí ọ̀nà méjì: 29 gba ìtọ́jú Lidcombe, 25 kò gbà á. Lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án, nínú ọgọ́rùn-ún sílébù tí ọmọ bá pè, èyí tí àwọn ti àkọ́kọ́ fi kólòlò kò ju 1.5 lọ, ti àwọn kejì sì jẹ́ 3.9. Ẹ má ṣe rò pé òun nìkan ni ó dára o. Ní 2015, ní ilẹ̀ Hóláǹdì, a fi í wé ọ̀nà mìíràn tí ó jẹ́ pé ńṣe ni a ń dín ohun tí ó ń ni ọmọ lára nínú ọ̀rọ̀ kù. Ọmọ 199 ni ó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù 18, 76.5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ti Lidcombe ni kò kólòlò mọ́, àti 71.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ti ọ̀nà kejì. Ìyàtọ̀ náà kò tó ohun tí ènìyàn ń torí rẹ̀ jà.

Èyí tí ó kan wa jùlọ ni ìwádìí ti 2013, tí Sue O'Brian àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Ọsirélíà. Wọ́n kúrò nínú Yunifásítì, wọ́n lọ wo àwọn olùtọ́jú lásán ní àwọn ilé ìtọ́jú àdúgbò, olùtọ́jú 31 àti ọmọ 57 tí wọ́n ń tọ́jú. Gbogbo wọn ni wọ́n ń sọ pé Lidcombe ni àwọn ń ṣe, gbogbo wọn ni wọ́n sì ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti gba ẹ̀kọ́ pàtó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ni tí a dá sílẹ̀ fún ìlànà náà, àwọn kan kò sì gbà á. Lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án, ìkólòlò àwọn ọmọ tí ó wà lọ́wọ́ àwọn tí ó gba ẹ̀kọ́ náà fi 54 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí ó wà lọ́wọ́ àwọn tí kò gbà á. Orúkọ ìtọ́jú kan náà, ìwé kan náà, ìyàtọ̀ tó ìlàjì!

Kí ni wọ́n wá ń kọ́ níbẹ̀? Ohun tí ó kọ́kọ́ yà wá lẹ́nu ni pé a ń kọ́ wọn láti gbọ́. Lójoojúmọ́ ni òbí gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà kan sí ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀, láti 0, èyí tí í ṣe pé kò kólòlò rárá, títí dé 9, èyí tí í ṣe pé ó le kọjá ààlà. Nígbà tí òbí bá mú ọmọ dé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, olùtọ́jú yóò kọ́kọ́ bá ọmọ sọ̀rọ̀ títí yóò fi gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà yóò béèrè nọ́ńbà tí òbí fi sí ohun tí àwọn méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Bí nọ́ńbà wọn bá fi ọ̀kan ju ara wọn lọ, kò burú. Bí ó bá jìnnà ju ìyẹn lọ, wọn kò tí ì lè bẹ̀rẹ̀, nítorí bí òbí kò bá gbọ́ ìkólòlò dáadáa, ọ̀rọ̀ tí kò ní àbùkù ni yóò máa tún ṣe, tí yóò sì máa yin èyí tí ó há.

Lẹ́yìn èyí, olùtọ́jú yóò bá ọmọ ṣeré lójú òbí kí òbí lè rí bí a ti ń ṣe é. Òbí yóò sì ṣe é lójú olùtọ́jú, a ó tọ́ ọ sọ́nà, yóò sì tún un ṣe. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ olùtọ́jú tí kò gba ẹ̀kọ́ ti ń ṣubú: wọn a ṣàlàyé fún òbí, wọn a fún un ní ìwé pélébé, wọn a sì wí pé kí ó máa lọ. Àwa olùkọ́ mọ irú àṣìṣe yìí dáadáa. Ta ni nínú wa tí kò tí ì kọ́ ọmọ ní ìṣirò pẹ̀lú ẹnu lásán, tí ọmọ mi orí pé òun gbọ́, tí pátákó sì tú àṣírí àwa méjèèjì?

Ohun kan tún wà tí ó gba sùúrù. Bí nọ́ńbà ọmọ bá ti lọ sílẹ̀ dé 0 tàbí 1 fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òbí yóò fẹ́ kí a parí rẹ̀ síbẹ̀. Olùtọ́jú tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní gbà. Yóò máa fi àyè sí àárín ìbẹ̀wò, ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, títí yóò fi di ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún, nítorí ìkólòlò a máa yọ́ padà wá sí ilé tí a kò bá ṣọ́.

Nígbà tí a ń ka nǹkan wọ̀nyí, ìbéèrè kan dìde láàárín wa tí a kò rí nínú ìwé àwọn ará òkè òkun, tí a sì rò pé àwa ni ó yẹ kí a bi ara wa. Etí ta ni yóò gbọ́ ìkólòlò ní èdè Yorùbá? Èdè wa kún fún àpètúnpè. A ń sọ "lọ" di "lílọ," "jẹ" di "jíjẹ," a sì ń wí pé "kíákíá," "díẹ̀díẹ̀," "wúruwùru." Olùtọ́jú tí ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ iṣẹ́ rẹ̀, tí kò sì gbọ́ Yorùbá, lè jókòó ti ọmọ Ajégúnlẹ̀ kan kí ó sì ka gbogbo ìwọ̀nyí sí ìkólòlò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ èdè mọ̀ pé "lí" tí ó wà nínú "lílọ" ní ohùn òkè, àti pé ìró "i" ni ó wà nínú rẹ̀, kì í ṣe "ọ." Ọmọ tí ó bá kólòlò lórí "lọ" kò ní sọ bẹ́ẹ̀; "lọ-lọ-lọ" ni yóò wí, gbogbo rẹ̀ ní ohùn àárín, tàbí kí "l" há mọ́ ọn lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọmọ tí ó wí pé, "Ó ga aaa," ó lè jẹ́ pé ńṣe ni ó fẹ́ kí a mọ bí igi náà ti ga tó. Ó sì lè jẹ́ pé ohùn ni ó fà á lọ tí kò lè dá a dúró. Ojú àti ọrùn rẹ̀ ni yóò jẹ́rìí. "Ń" kékeré tí ó wà nínú "ó ń bọ̀" náà lè gùn díẹ̀ láìní àbùkù, àbùkù ńlá sì lè fara pamọ́ sínú rẹ̀.

Ní àdúgbò Warehouse Road, ọ̀rọ̀ náà tún díjú ju báyìí lọ. Ìyá ọmọ lè jẹ́ Ìlàjẹ, kí baba jẹ́ Urhobo, kí ọmọ máa sọ Yorùbá nílé-ìwé àti Píjìn ní òpópónà. A ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ fún irú òbí bẹ́ẹ̀ pé èdè ni ó pọ̀ jù fún ọmọ, pé kí wọ́n mú ọ̀kan sọnù. Kò sí ẹ̀rí tí ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé èdè méjì ni ó ń fa ìkólòlò, ìmọ̀ràn yìí sì máa ń bí wa nínú, nítorí èdè ìyá-ìyá ọmọ ni wọ́n sábà máa ń ní kí a mú sọnù, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Olùtọ́jú tí a kọ́ dáadáa kò ní gba èdè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Yóò gbára lé etí ìyá ní èdè tí òun kò gbọ́, ìdí sì nìyí tí ó fi gbọ́dọ̀ kọ́ etí ìyá náà kí ó tó kọ́ ẹnu rẹ̀.

Ẹ ó béèrè pé, níbo ni a ti lè rí irú olùtọ́jú bẹ́ẹ̀? Wọn kò pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Yunifásítì Ìbàdàn ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí, òfin 1988 sì dá ìgbìmọ̀ ìjọba kan sílẹ̀ tí ń forúkọ àwọn tí ń ṣe irú ìtọ́jú wọ̀nyí sílẹ̀, pẹ̀lú àwọn tí ń tọ́ ara tí ó rọ padà. Ó tọ́ kí òbí béèrè ìforúkọsílẹ̀ náà kí ó tó san owó, kí ó sì tún béèrè ohun kejì, èyí tí ìwé ẹ̀rí kì í sọ: "Irú ìtọ́jú wo ni ẹ ń ṣe, ta ni ó sì wò yín nígbà tí ẹ ń kọ́ ọ?" Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀nà ni ó jìn, ẹ̀rí tuntun kan wà tí ó mú wa láyọ̀. Ní 2016 a tẹ ìwádìí kan jáde ní Ọsirélíà, níbi tí a ti tọ́jú àwọn kan nínú ọmọ 49 láti ojú ẹ̀rọ, tí òbí àti olùtọ́jú ń rí ara wọn láti ọ̀nà jíjìn, tí a sì tọ́jú àwọn yòókù ní ilé ìtọ́jú. A kò rí ìyàtọ̀ nínú ìkólòlò àwọn ọmọ náà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá tí ó ní fóònù ní Ajégúnlẹ̀ lè bá olùtọ́jú Ìbàdàn ṣe é, bí iná àti owó dátà bá gbà.

Ní ti àwa olùkọ́, iṣẹ́ wa kéré, ó sì ṣòro. A kò gbọ́dọ̀ tọ́jú ọmọ. A kò kọ́ ọ. A lè sọ fún òbí ní kùtùkùtù, kí ọmọ má bàa ju ọdún mẹ́fà lọ kí a tó wá ìrànlọ́wọ́. A lè pa ẹ̀rín rẹ́ ní kíláàsì. A sì lè dúró. Gbogbo wa ni a mọ òwe náà pé bó pẹ́ bó yá, akólòlò yóò pe baba. Àwọn tí ó ń pa á máa ń yára dé ibi "baba," wọn kì í sì í béèrè ẹni tí yóò jókòó ti akólòlò náà ní gbogbo ìgbà tí ó fi ń pẹ́. Láti dúró láìbá a parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, láìgbé ojú kúrò lójú rẹ̀, láìmi orí pé kí ó yára, kò rọrùn. Ẹ dán an wò pẹ̀lú ọmọ ogójì nínú kíláàsì àti tírélà lẹ́bàá fèrèsé.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta a yí ìpè orúkọ padà. A ní kí olúkúlùkù dáhùn bí ó bá ti wù ú, kí ó nawọ́, kí ó dìde, kí ó kọrin, kí ó pàtẹ́wọ́. Kò sí ẹni tí ó mọ ìdí rẹ̀, àwọn ọmọ sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ọmọ wa pàtẹ́wọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà. Ó tètè dé ní gbogbo ọjọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

A ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀, tí ń tajà ní ọjà Boundary. A jẹ́wọ́ ohun tí a ṣe fún un, a sì ní, "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí wa." Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó wí pé, "Ẹ̀yin tíṣà, baba rẹ̀ náà ń kólòlò. Èmi rò pé àfi kí a gbà á bẹ́ẹ̀ ni." A fún un ní orúkọ ilé ìwòsàn ńlá kan, a sì kọ ìbéèrè méjì tí yóò béèrè sínú ìwé fún un.

Ní ọjọ́ tí a ó padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó wá kí wa, ó sì mú ìwé kékeré kan lọ́wọ́ tí olùtọ́jú fún un. Ọjọ́ wà ní apá kan, nọ́ńbà wà ní apá kejì: 7, 7, 6, 7, 6, 5. Ní àárín wọn, àyè ọjọ́ kan ṣófo. A bi í léèrè bóyá ó gbàgbé ni.

Ó ní, "Rárá o. Ọjọ́ náà, àwọn tírélà dí ọ̀nà mọ́ mi. Ó ti sùn kí n tó délé. N kò gbọ́ ohùn rẹ̀, kí ni mo fẹ́ kọ síbẹ̀?"

A dá ìwé náà padà fún un, ó sì fi í sínú báàgì rẹ̀ pẹ̀lú owó ọjà.